Ṣásí ti délé, kí la máa gbé e lé?

Ìbéèrè láti Ṣágámù

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìlú Ọba ló fi ọkọ̀ tí èèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò nílé ránṣẹ́ sí mi, irú Lotus Seven tí kò ní òrùlé yẹn. Ṣásí onípáìpù, ìyẹn egungun ọkọ̀, ni, pẹ̀lú páálí bíi mélòó kan tí ẹ̀yà ara ọkọ̀ kún inú wọn. Ẹ́ńjìnì àti gíà, ọjà Ládípò ni mo ti máa wá wọn. Gáréèjì ilé bàbá wa ni màá ti tò ó. Ilẹ̀ ni ṣásí wà báyìí, gbogbo ẹ̀yìn ló ń ro mí nítorí ìbẹ̀rẹ̀. Bíríkìlà àdúgbò ní kí n to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀. Wẹ́dà ní òun máa jó sítáńdì fún mi. Mẹkáníìkì wa ní kí n kó ríìmù àtijọ́ jọ, pé ohun tí àwọn ń lò nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Èwo ni kí n ṣe? Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ náwó lé, tó máa gbé e dúró títí tí màá fi wà á jáde.

* * *

Àbúrò, gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni màá kọ́kọ́ mú. Kò sí ohun kan ṣoṣo tó máa gbé ọkọ̀ yìí dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Ṣásí tó wà nílẹ̀ lónìí, èèyàn méjì lè gbé e. Tó bá parí, ọkọ̀ irú èyí máa ń wọn nǹkan bíi 500 sí 600 kílò. Láàárín àkókò méjèèjì, ẹrù á máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ tẹ̀ sí á sì máa sún kiri. Ohun tó gbé e dúró dáadáa lóṣù yìí lè má dára mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnì bá wọlé.

Mo ti tò irú rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ yí padà. Nígbà tí mo ń lu aluminiọ́ọ̀mù mọ́ ọn lára, tí mo ń to páìpù bíréèkì àti wáyà, orí àga pákó gíga méjì ló wà. Nígbà tí lówà ámù (apá irin ìsàlẹ̀ tó so táyà mọ́ ṣásí), ṣọ́ọ̀kì àti ẹ́ńjìnì fẹ́ wọlé, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí sítáńdì onírin mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló wá dúró lórí táyà ara rẹ̀, mo sì ń gbé e sókè nígbà tí mo bá nílò rẹ̀ nìkan.

Ti búlọ́ọ̀kù, má ṣe é. Màá ṣàlàyé nísàlẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní gbà.

* * *

Wọn ò gbà lóòótọ́. Ẹnì kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó ní gbogbo tírélà tó bá yọ táyà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, búlọ́ọ̀kù tàbí òkúta ni wọ́n ń fi há a, kò sì sí nǹkan tó ń ṣe é. Ẹlòmíràn ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń dúró lórí búlọ́ọ̀kù, ká má wulẹ̀ sọ ọkọ̀ tí kò wúwo.

Ẹ jẹ́ ká wo ti ilé yẹn dáadáa. Lábẹ́ ilé, ògiri gígùn ni ẹrù náà tẹ́ lé, sìmẹ́ńtì wà láàárín búlọ́ọ̀kù kan sí èkejì, gbogbo ojú rẹ̀ ló ń gbé e pọ̀. Lábẹ́ ọkọ̀, etí páìpù kan tó fẹ̀ bí ìka méjì ló tẹ ojú kan ṣoṣo lórí búlọ́ọ̀kù oníhò. Irin tí ẹrù bá pọ̀ jù fún á kọ́kọ́ tẹ̀, wàá rí i. Pákó á ké, wàá gbọ́ ọ. Búlọ́ọ̀kù oníyanrìn kì í sọ tẹ́lẹ̀: ó wà lódindi, ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì máa fọ́. Mo ti rí èyí tó fọ́ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ akérò kan. Dírẹ́bà ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ara rẹ̀ jáde lábẹ́ ọkọ̀ ni, ó ń wá sípánà. Èyí tó ṣẹ́kù níbẹ̀ kì í ṣe àfọ́kù, ìyẹ̀fun ni. Àwọn onítírélà yẹn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ń sùn sábẹ́ ẹ.

Ti ríìmù yàtọ̀. Irin ni, kì í fọ́ bíi búlọ́ọ̀kù. Ríìmù kan tó sùn sílẹ̀, tí pákó nínípọn wà lórí rẹ̀, dára láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́: o gbé ọkọ̀ lé sítáńdì, o tún ti ríìmù tàbí táyà sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí sítáńdì bá yẹ̀, ọkọ̀ á bà lé nǹkan kó tó dé àyà rẹ. Mo fara mọ́ mẹkáníìkì níbẹ̀. Ibi tí mi ò bá a lọ ni kí wọ́n to ríìmù méjì tàbí mẹ́ta léra wọn. Etí wọn yípo, wọn ò so mọ́ra, ẹ̀ẹ̀kan tí o bá fi agbára fa bóòtù kan tó le, èyí tòkè á yọ̀.

* * *

Àwọn tó béèrè nípa àga pákó pọ̀, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí òun ló dín owó jù, òun náà ló sì dára jù fún ìdajì iṣẹ́ yìí.

Ní Ìjẹ̀bú, a ò ní ìṣòro pákó. Mẹlánà tí wọ́n ń gé láti apá igbó J4 kún àwọn ilé ìlagi, ó tó fún iṣẹ́ yìí, kò nílò ìrókò. Àga méjì ni, irú èyí tí káfíńtà fi ń gé pákó, àmọ́ kó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ: 2×6 fún orí rẹ̀, kó dúró lórí etí rẹ̀, kó má sùn sílẹ̀, torí pákó tó dúró lórí etí kì í tètè tẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rin láti ara 2×4, kí wọ́n yà síta nísàlẹ̀, kí pákó sì gba àárín wọn kọjá ní ìhà méjèèjì. Bóòtù ni kí ẹ fi so ẹsẹ̀ mọ́ orí. Ìṣó nìkan kò tó, torí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti ṣásí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìṣó á máa yọ díẹ̀díẹ̀. Kí orí àga gùn ju ìbú ṣásí lọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Gíga rẹ̀, ìbàdí ẹni tó máa ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Fún mi, nǹkan bíi 75 sẹ̀ńtímítà ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ó jẹ́ kí n lè lu ríféètì sí ẹ̀gbẹ́ láìtẹ̀ba, kí n sì jókòó sórí àpótí wo abẹ́ rẹ̀.

Ẹ kan kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ mọ́ orí àga. Ọ̀dà tó wà lára ṣásí ni mo ń dáàbò bò. Níbi tí ọ̀dà bá ti bó, láàárín òjò kan sí èkejì ní Rẹ́mọ, ìpẹtà á ti débẹ̀, á sì máa rìn lọ lábẹ́ ọ̀dà tó kù. Tí ẹ bá máa jó irin nítòsí, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, ẹ gbé korobá yanrìn sítòsí. Iná wẹ́dà máa ń wọ inú kápẹ́ẹ̀tì, á máa jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti lọ jẹun.

Ohun tí èèyàn púpọ̀ ń gbàgbé: ẹ fi bẹ́lìtì so ṣásí mọ́ àga. Kò wúwo rárá ní àsìkò yìí, ewu rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ fi páìpù gùn sípánà láti fún bóòtù kan, ẹ fà á, gbogbo ṣásí á tẹ̀ lé yín wá. Bóòtù tó bá gba agbára gidi, ẹ jẹ́ kó dúró di ìgbà tí ọkọ̀ bá wà lórí táyà.

* * *

Ibo ni kí àga wà lábẹ́ ṣásí? Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wa, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi í.

Páìpù onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ṣásí irú èyí kò ju 25 mílímítà lọ, ara rẹ̀ sì nípọn tó nǹkan bíi mílímítà kan àbọ̀. Gbogbo agbára rẹ̀ wà níbi tí páìpù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti pàdé. Ibẹ̀ ni kí ohun tó gbé e wà: níwájú, lábẹ́ ibi tí wọ́n jó ìdè lówà ámù mọ́, lẹ́yìn, lábẹ́ páìpù tó gba ẹ̀yìn ìjókòó kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Tí ẹ bá gbé sítáńdì sí àárín páìpù gígùn kan, páìpù náà á tẹ̀ sókè, gbogbo ìdúró táyà ló sì máa yà lẹ́yìn ọ̀la. Ilẹ̀ aluminiọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má tilẹ̀ fi jáàkì kàn án.

* * *

Ọ̀gá kan láti Ìpẹru ní òun ò lo àga. Ó jó férémù irin kan, ó fi táyà kéékèèké mẹ́rin sí i lẹ́sẹ̀, ọkọ̀ òun sì ń yí wọ ibi tó bá wù ú nínú gáréèjì, torí ọkọ̀ ìyàwó òun náà ń sùn níbẹ̀ lálẹ́. Àwọn mẹ́ta kan bá a wí, pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀ ni.

Èmi ò bá a wí. Ilé tó ní gáréèjì kan, tí jẹnẹrétọ̀ wà ní igun kan, tí àpò gàrí wà ní ìkejì, kò lè fi ọkọ̀ sójú kan fún ọdún kan. Férémù onítáyà wúlò nígbà tí ṣásí bá fúyẹ́. Kí táyà rẹ̀ tóbi dáadáa, torí èyí tó kéré á há sínú ojú ìlà kọnkéré, férémù á dúró lójijì, ṣásí á sì máa lọ. Kí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní bíréèkì. Kí ó ní bóòtù ńlá mẹ́rin tí a lè yí sísàlẹ̀ títí wọ́n á fi gbé ẹrù kúrò lórí táyà nígbà iṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnì bá ti wọlé, àsìkò rẹ̀ ti kọjá nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sì wọ abẹ́ ohun tó ń yí, bí bíréèkì rẹ̀ dára bí kò dára.

* * *

A ti yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gbé wa yà dùn mọ́ mi. Ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ní òun kò ní owó Lotus, Volkswagen ìjàpá bàbá òun ló wà lẹ́yìnkùlé, ó fẹ́ gé e kúrú, kó fi ṣe ọkọ̀ etíkun, ó sì fẹ́ gùn ún ní àsìkò Ojúde Ọba.

Ẹ ò ṣàṣìrò. Bruce Meyers ló bẹ̀rẹ̀ irú ọkọ̀ yẹn ní California lọ́dún 1964, ìjàpá ló sì lò. Wọ́n to ìjàpá níbí náà, ní ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní ọ̀nà Badagry ní Èkó, láti 1975, ìdí nìyẹn tí èyí tó ṣẹ́kù fi ṣì wà lẹ́yìnkùlé àwọn bàbá wa. Láti ṣe irú ti Meyers, wọ́n ń gé nǹkan bíi 36 sẹ̀ńtímítà kúrò láàárín ilẹ̀ ọkọ̀ náà, wọ́n á wá jó iwájú mọ́ ẹ̀yìn.

Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ ohun tí a gbé ọkọ̀ lé ti le jù. Bí ẹ bá gé e tán, ẹ ti ní nǹkan méjì tí kò so mọ́ra, tí ìdajì kan bá sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ péré kí wẹ́dà tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ náà á ṣe wọ́ títí ayé rẹ̀. Ẹ yọ ẹ́ńjìnì kúrò ní àkọ́kọ́, bóòtù mẹ́rin péré ló dè é mọ́ gíà. Ẹ wá páìpù onígun mẹ́rin méjì tó nípọn tó sì gún, ẹ fi bóòtù dè wọ́n mọ́ ihò tí ara ọkọ̀ ń jókòó lé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ lu ihò tuntun síbi tí ìdajì ẹ̀yìn máa sún dé. Sítáńdì méjì ní iwájú, méjì ní ẹ̀yìn, kó tó di pé ẹ gé ohunkóhun. Páìpù epo gba inú ihò àárín ilẹ̀ ọkọ̀ yẹn kọjá. Ẹ fa epo gbẹ, ẹ yọ páìpù náà jáde, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ihò náà dáadáa. Kí wẹ́dà má tan iná kan lójú rẹ̀ kí ẹ tó ṣe é.

Ní ti Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá ni, Iléyá sì ń tètè dé ju ti èṣí lọ ní nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí 11 lọ́dọọdún. Ẹ má fi ọjọ́ ọdún lé ara yín níwájú. Ẹni tó bá ń sáré bá ọjọ́ ni í gbé ọkọ̀ lé jáàkì nìkan, pé òun kàn fẹ́ fún bóòtù kan ṣoṣo.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ṣágámù. Àbúrò ní wẹ́dà ti ní kó mú owó wá, báwo ló ṣe yẹ kí sítáńdì náà rí?

Tí o bá lè ra èyí tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́, rà á, ka ohun tó wà lára rẹ̀ dáadáa: àwọn kan kọ iye ẹrù fún méjì pọ̀, kì í ṣe fún ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ wẹ́dà ló máa ṣe é, áńgù áyọ̀n ìnṣì méjì tó nípọn ni kó lò, kì í ṣe èyí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yà síta, kí irin pẹlẹbẹ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí orí rẹ̀ ní ètí méjì tó ga díẹ̀, tí páìpù ṣásí kò fi ní yọ̀ kúrò. Gíga kan ṣoṣo, láìní ibi tí a ti ń fà á sókè, ló dára jù fún iṣẹ́ wẹ́dà wa. Ohun tó bá ń fà sókè sódò nílò pín, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti fi irin 10 mílímítà tí wọ́n fi ń di òpó ṣe pín.

Dán an wò kí o tó gbà á. Gbé igun ẹ̀yìn Camry bàbá yín lé e, òun wúwo ju ọkọ̀ tìrẹ lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, há táyà tó kù, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, wo gbogbo ojú ibi tí ó ti jó o. Ìlà tín-ínrín kan tó bá hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dá a padà.

* * *

Ẹ́ńjìnì. Èyí tó ní sílíńdà mẹ́rin pẹ̀lú gíà rẹ̀ máa ń tó 150 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iwájú ló sì ń lọ. Tí sítáńdì iwájú bá ti sún sẹ́yìn jù, ṣásí á doríkodò lọ́wọ́ rẹ. Sún wọn síwájú kó tó di ọjọ́ yẹn, kí o sì gbé àpò sìmẹ́ńtì kan sí ẹ̀yìn ìjókòó tí kò bá sí ohun mìíràn níbẹ̀.

Àwọn kan ní kí o so ṣéènì búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ẹ̀rọ oníṣéènì tí wọ́n fi ń fa ẹ́ńjìnì sókè, mọ́ igi òrùlé gáréèjì. Mi ò gbà. Páànù àti òjò ni igi yẹn wà fún. Yá òpó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn mẹkáníìkì fi ń yọ ẹ́ńjìnì, kí o sì fi okùn so àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra nísàlẹ̀, torí lórí kọnkéré tó dán, wọ́n máa ń yà.

* * *

Ọ̀rọ̀ bọ́ṣì, ìyẹn rọ́bà tó wà níbi tí ámù ti so mọ́ ṣásí, ni wọ́n ti jà jù. Ẹnì kan ní òun ti fún gbogbo bóòtù lówà ámù tán lórí sítáńdì, iṣẹ́ parí. Mo ní kó lọ tú wọn.

Rọ́bà inú bọ́ṣì lẹ̀ mọ́ irin ní inú àti ní ìta. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí sítáńdì, táyà sọ̀ kalẹ̀, ámù náà sọ̀ kalẹ̀. Tí o bá fún un pinpin níbẹ̀, ibẹ̀ ni rọ́bà gbà pé ilé òun wà. Tí ọkọ̀ bá wá jókòó sórí táyà, ámù á lọ sókè, rọ́bà á lọ́, á sì wà ní lílọ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró. Kì í pẹ́ tó fi ń ya, gíga ọkọ̀ náà kì í sì í pé. Fún un díẹ̀ lórí sítáńdì, kí ó má bàa bọ́. Fífún un pinpin di ìgbà tí ọkọ̀ bá wà lórí táyà.

Àwọn kan ní kí a fi jáàkì ti ámù sókè títí dé gíga tó yẹ. Ó dára lára ọkọ̀ tó wúwo. Lára tìrẹ, kí sípíríìngì tó rọ̀, ọkọ̀ á ti gbéra kúrò lórí sítáńdì. Jẹ́ kó dúró lórí táyà, kó àpò sìmẹ́ńtì sí ibi ìjókòó méjèèjì, 50 kílò ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dípò èèyàn, lẹ́yìn náà fún wọn.

* * *

Àbúrò Ṣágámù tún kọ̀wé: ilẹ̀ gáréèjì wọn dà sí ọ̀nà géètì kí omi òjò lè ṣàn jáde, ìta sì jẹ́ íńtálọ́ọ̀kì. Ó tún béèrè bí òun ṣe máa sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìparí.

Inú ilé ni kí o ti ṣe é. Íńtálọ́ọ̀kì ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀ sítáńdì, pàápàá lẹ́yìn òjò, èyí kan á rì, èkejì ò ní rì. Ti ilẹ̀ tó dà, ṣásí ni kí o mú dọ́gba. Rọ́bà omi tí bíríkìlà ń lò ló dára jù: kún un, mú ẹnu kan dání ní igun iwájú, ẹnì kejì mú èkejì ní igun ẹ̀yìn, ojú omi á sọ òtítọ́ fún yín. Ibi tó bá lọ sílẹ̀, fi páláńkì pẹlẹbẹ kan ṣoṣo tó fẹ̀ ju ìdí sítáńdì lọ sábẹ́ rẹ̀. Má ṣe to ègé kéékèèké léra. Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá wọlé, torí á ti yí padà.

Láti sọ ọ́ kalẹ̀: fi táyà sí gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rin, di nọ́ọ̀tì wọn. Ẹ̀yìn ni kí o kọ́kọ́ sọ̀. Fi jáàkì onítáyà sábẹ́ àárín páìpù ẹ̀yìn, pẹ̀lú pákó lórí rẹ̀ tó gùn dé ìtòsí ibi tí àwọn páìpù ti pàdé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, gbé e sókè díẹ̀ péré, yọ sítáńdì méjèèjì, sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Há táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn, torí ilẹ̀ yín dà, bíréèkì ọwọ́ rẹ sì lè má tíì ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló kan iwájú. Kí jáàkì lè máa sún, má ṣe dí táyà rẹ̀. Kí àwọn ọmọdé jáde kúrò nínú gáréèjì pátápátá, kí o sì ti ilẹ̀kùn.

Má ta àwọn sítáńdì náà o. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí o bá wà á dé ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ padà, gbé e sókè, kí o wo gbogbo bóòtù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan á ti dẹ̀.